Àna Tó Tún Iná Ṣe Láti Ìta

Ìyá Mwenya kò lè jókòó. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, adìyẹ sísìn ló fi ń jẹun ní Luanshya, ní orílẹ̀-èdè Zambia, àsìkò tí ẹyin tó wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ yóò pa sì ti tó. Gílóòbù ló ń mú wọn gbóná. Gílóòbù ti kú, òtútù oṣù kẹfà, ìgbà tí òtútù máa ń mú jù níbẹ̀, sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí àlejò tí a ránṣẹ́ pè.

Súìṣì ńlá tó ń gbé iná wọ gbogbo ilé, lára ògiri yàrá rẹ̀, ló ń já wálẹ̀. Ó gbé e sókè, ó já. Ó tún gbé e, ó tún já. Ó fọwọ́ kan ẹyin, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹni tó mọ iná tún ṣe kò kúkú jìnnà. Kabaso, ọkọ Mwenya ọmọ rẹ̀ àti bàbá Bupe ọmọ-ọmọ rẹ̀, wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá, ó kẹ̀yìn sílé. Wọn kò tíì se oúnjẹ ìmú-àna-wọlé fún un. Nínú àṣà wọn, títí wọ́n ó fi sè é, kò gbọdọ̀ fojú kan ìyá ìyàwó rẹ̀, kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ pé kó wọ yàrá tó ń sùn.

Mwenya yọrí lójú fèrèsé. "Bàbá Bupe, Mama ní kí ni ká ṣe?"

"Ní kí wọ́n yọ gbogbo ohun tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì."

"Sọ fún un pé mo ti gbọ́!" Ìyá Mwenya ké. "Ta ló sọ fún un pé mo dití?"

"Mama ní àwọn gbọ́."

"Èmi náà gbọ́ wọn."

"Ẹ gbọ́ ara yín, ẹ wá ń fi ẹnu tèmi ṣe afárá," Mwenya kùn.

Wọ́n yọ fíríìjì, wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù, wọ́n yọ àpótí ẹyin. Wọ́n gbé súìṣì sókè. Ó já.

Kabaso gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìta. "Bi Mama bóyá omi dà síbì kan."

Mwenya yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá Mwenya wo ilẹ̀. Abọ́ omi tó máa ń gbé sórí àpótí, kí èèpo ẹyin má baà gbẹ, ti ṣubú láàárọ̀. Ó ti nu omi náà, kò wí fẹ́nìkan. Ó na ọwọ́ sí ẹyin. Wọ́n ti ń tutù.

"Omi ni, Kabaso! Èmi ni mo dà á sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn!"

Mwenya fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ ti bá àna sọ̀rọ̀ tààrà.

Kabaso kò yíjú. Igi máńgòrò ló dojú kọ dáhùn. "Ẹ ṣé, Mama. Ẹ já súìṣì ńlá náà sílẹ̀ pátápátá, ẹ má gbé e. Kí Mwenya wá tú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, kó yọ àwọn wáyà rẹ̀, kó fi téèpù wé orí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ gbé àpótí lọ sí pálọ̀."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Súìṣì gòkè, ó dúró. Gílóòbù tàn.

Ìyá Mwenya wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà lójú fèrèsé, bí kò ṣe wò ó rí.

"Sọ fún àbúrò bàbá rẹ kó mú ọjọ́. A ó mú ọkọ rẹ wọlé. Àkùkọ tó bá kọ́kọ́ jáde nínú àpótí yìí la ó pa fún un."

"Kí àkùkọ ọ̀hún tó dàgbà, Mama, ọkọ mi á ti gan sábẹ́ igi."

"Ra tọjà, nígbà náà!"

Ìyá Mwenya bẹ̀rẹ̀, ó dẹ etí sí àpótí. Nǹkan ń ha èèpo ẹyin kan láti inú. Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó tún padà.