Ehoro Kú, Wọ́n Wádìí. Láńrewájú Kú, Wọ́n Dákẹ́

Láńrewájú kú ní ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Phebe ìyàwó rẹ̀, ìyá Ìwàlẹwà ọmọ wọn, ló pa ojú rẹ̀ dé. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ehoro kan kú ní ilé ìwádìí tí Láńrewájú ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn odi Iléṣà. Kí oòrùn tó mú, àwọn dókítà ti pé lé ehoro náà lórí. Wọ́n là á, wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí ohun tó pa á. Láńrewájú ńkọ́? Ta ló bèèrè ohun tó pa á?

N ò ní purọ́ mọ́ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe dára. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n ń gún ehoro tó ní àrùn náà ní abẹ́rẹ́ oògùn tó ní èròjà bórọ́ọ̀nù nínú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oògùn náà á bá jẹjẹrẹ níbi tó sá sí. Tó bá bá a, wọ́n lè tan ìtànṣán sí i, kí bórọ́ọ̀nù pa àrùn, kó má fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀ tó kù. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe ti ìtànṣán. Ti Iléṣà ni ehoro, abẹ́rẹ́, àti Láńrewájú tó ń tọ́jú wọn.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ẹran. Lásìkò ọyẹ́, ó bọ́ súwẹ́tà ọrùn rẹ̀ tẹ́ fún ehoro tó ń gbọ̀n. Orin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló fi ń fún wọn lóúnjẹ. Òun ló ń gbé wọn mọ́yà bí ọmọ tuntun lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fi inú ẹ̀dọ̀ hàn. Á sọ fún Mùtàlíbù, ọmọ Òṣogbo tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pé, "Àwọn wọ̀nyí mà ti rí dókítà jù wá lọ." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ìhà ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ojú rẹ̀ pọ́n bí ti oníbà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ó bẹ ọ̀gá wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi fi ẹ̀rọ yẹn wo inú mi." Ọ̀gá ní, "Ẹ̀rọ ẹran nìyẹn. Àwọn tó rà á ò ní ká fi wo èèyàn. Lọ sí jẹ́nẹ́ra." Ẹ̀rọ ti jẹ́nẹ́ra, ilé ìwòsàn ìjọba yẹn, sì ti bàjẹ́, wọ́n ń retí ẹni tó máa tún un ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń retí ni Láńrewájú kú sí. Ṣé torí pé kò ní etí gígùn ni?

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi aládùúgbò wọn sin Phebe lọ sí ilé ìwádìí náà. Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀gá dúró sí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni."

Phebe ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ehoro yẹn ńkọ́, ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ló pa á, tẹ́ ẹ fi là á wò?"

Ọ̀gá wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Mùtàlíbù ló sìn wá dé géètì. Ó gbọ́wọ́ lé ìhà ọ̀tún. Phebe bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, "Mọ́mì Ìwàlẹwà, ó kàn ń dùn mí díẹ̀ ni. In ṣáà Allah, á lọ." Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti ń pọ́n.

Ṣé ibi iṣẹ́ yẹn ni àrùn yìí ti ń bá wọn ni? N ò mọ̀. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń wá ohun tó pa ehoro lè wá ìyẹn náà, bí ojú bá ń tì wọ́n. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ sọ ohun tó pa Láńrewájú fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹn wo Mùtàlíbù lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Òṣómàáló ni àwọn bàbá wa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Tí wọ́n bá wá sin gbèsè, wọn kì í jókòó, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni. Láti àná ni Phebe ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwádìí yẹn. Wọ́n gbé àga fún un. Ó ní kí wọ́n gbé e fún Mùtàlíbù, nídìí ẹ̀rọ.