Ooru Tí Mo Pè Ní Oyún

Nínú ọyẹ́ ni, ní oko wa lẹ́yìn ìlú Ìrókò. Gbogbo ènìyàn yí iná ká, èmi nìkan ni mo bọ́ ìborùn sílẹ̀. Ooru kan gbéra láti àyà mi, ó gun ọrùn dé orí, òógùn bò mí. Kò pẹ́, òtútù mú mi. Nǹkan oṣù mi sì ti di oṣù mẹ́rin tí kò wá.

Àdùkẹ́, àkọ́bí mi, wà nínú oyún àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Èmi ni mo máa wẹ ọmọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìtìjú ni kí ìyá àti ọmọ jọ máa gbé oyún. Mo gbà pé mo ti lóyún, n kò sì sọ fún ọkọ mi. Mo ra àgbo lọ́wọ́ ènìyàn méjì, èyí tí wọ́n ní ó ń mú nǹkan oṣù padà wá, mo dà wọ́n pọ̀, mo mu ún. Ọjọ́ mẹ́ta ni inú fi lọ́ mi, n kò lè dìde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo lè rìn, mo lọ bá ìyá àgbà tó ń ta ewé lọ́jà. Oòrùn ti kan àtàrí kí ó tó kàn mí láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo ní mo lóyún, ooru sì ń mú mi.

“Èébì ń kọ́?”

“Rárá, ìyá.”

“Oorun?”

“N kì í sùn mọ́jú.”

“Oyún wo ní í mú ènìyàn bọ́ aṣọ nínú ọyẹ́? Ìwọ tí o mọ̀wé, ìwé ò sọ èyí fún ọ?” Ó rẹ́rìn-ín títí. “Ilé-ọmọ rẹ ló fẹ́ sinmi.”

Ó là á yé mi pé agbára tí ń mú nǹkan oṣù wá ló ń dínkù. Bí ó ti ń lọ, ó ń mú ooru, àìsùn àti ìbínú dání. Ó fún mi ní rínrín àti ọ̀dúndún, ewé tútù méjèèjì, kí n máa gún wọn, kí n fomi pò wọ́n mu. Ó ní kí n máa jẹ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí, kí n dín ata kù.

“Ewé yìí kò ní lé ooru náà lọ o,” ó ní. “Yóò kàn bá ọ gbé e.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ooru dín, kò tán. N kò mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ewé àti èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́. Ó ṣì ń rẹ̀ mí.

Àdùkẹ́ bí obìnrin. Nígbà mìíràn ooru á dé bí mo ti ń wẹ ọmọ náà lọ́wọ́, òógùn mi á máa kán sínú omi.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gbà á,” Àdùkẹ́ á ní.

“Má gbà á.”

Màá dúró kí ó kọjá, màá sì tún mú kàn-ìn-kàn-ìn. Ara tó ti gbé ọmọ márùn-ún yẹ kó sinmi. Mo dúpẹ́ pé ó ṣì fi itan sílẹ̀ fún mi, kí n lè máa tẹ́ ọmọ-ọmọ mi lé e wẹ̀.