Ohun Tó Dúdú Lọ́rùn Ràfíátù

Ìgbà tí mò ń di irun fún ọmọ mi nílé wa ní Ashanti New Town ni mo rí i: ara ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúdú, ó nípọn, kò sì dán mọ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni Ràfíátù nígbà náà. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú bó o títí ó fi sunkún. Kò kúrò.

Ọkàn mi wá lọ sọ́dọ̀ Mọ́rúfátù, àbúrò ọkọ mi, tó ń ta ìpara ní Dichemso. Mo gbà pé ó ń fún ọmọ mi ní ìpara tó ń bóra ní kọ̀rọ̀, pé ìpara náà ló sun ọrùn rẹ̀ dúdú. Mo tú àpò ìwé Ràfíátù, mo gbóòórùn aṣọ rẹ̀. N kò bá nǹkan kan, síbẹ̀ bí Mọ́rúfátù bá kí mi, ẹnu lásán ni mo fi ń dáhùn.

Ọmọ náà ń hanrun, ó sì ń mí hẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn. Ìyẹn kò kọ mí lóminú; mo ní oúnjẹ ló ń bá a lára mu. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ níléèwé, tí wọ́n ní ká lọ sí ọsibítù, mo fura pé wọ́n ń jowú ọmọ tó sanra dáadáa. Mo tẹ ìwọ̀n àti gíga rẹ̀ sórí fóònù. Fóònù ní kò séwu. Mo gbé fóònù náà lọ sí ọsibítù bí ẹni mú ẹlẹ́rìí lọ sí kóòtù.

Nọ́ọ̀sì wo ọrùn ọmọ. Ó ní, “Maame, ɛnyɛ efi.” Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó wá wo fóònù mi. “Àgbàlagbà lèyí wà fún.”

Ó ṣàlàyé pé wọ́n máa ń fi gíga pín ìwọ̀n ara lẹ́ẹ̀mejì. Fún àgbà, nọ́ńbà náà tó. Ọmọdé ṣì ń dàgbà, nítorí náà wọ́n ń fi wé ti àwọn ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, obìnrin pẹ̀lú obìnrin. Ti Ràfíátù ti kọjá ìlà òkè lórí àtẹ tí wọ́n fi ń wọn ìdàgbà ọmọ. Nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ó kàn ń sọ pé ká yẹ ara ọmọ wò ni.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó jẹun. Lórí bẹ́ǹṣì, mo ń ṣọ́ ìgò kékeré tí ẹ̀jẹ̀ náà wà kí wọ́n má baà pààrọ̀ rẹ̀. Èsì ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti ń gòkè, kò tíì di àtọ̀gbẹ. Ọrùn dúdú náà wà lára àmì rẹ̀.

“Màámi,” ni Ràfíátù wí, “ṣé ẹ ti wá gbà pé n kò fi ìpara pa ara?”

Ojú tì mí. Lọ́jọ́ náà mo lọ bẹ Mọ́rúfátù.

“Mo ti mọ̀,” ló wí. “Ojú yín ti sọ ọ́ fún mi tipẹ́.” Ó gbé àga fún mi.

A kò dá oúnjẹ ọmọ náà sọ́tọ̀. Gbogbo ilé ló pa ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì, omi la wá ń mu, a sì ń fẹsẹ̀ rìn nírọ̀lẹ́, Mọ́rúfátù náà ń bá wa lọ.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìwọ̀n rẹ̀ kò dín rárá, síbẹ̀ nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. Mo tún fura. Mo ní wọ́n ń tàn wá ni.

“Ẹ wo gíga rẹ̀,” ló wí.

Ó ti ga sí i, nọ́ńbà náà sì ti wálẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ náà ti padà sípò. Gbogbo ìgbà tí mò ń ṣọ́ ohun tó ń bàjẹ́ lára ọmọ mi, ara náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ó ń ga sí i, n kò mọ̀. Alihamudulilai.