Bí Mo Ṣe Gba Ipa Odi Nínú Eré Orin Ítálì

Òtútù ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi lọ́kàn bí mo bá ronú nípa ọdún náà. Kì í ṣe òtútù ìta o, torí ẹni tó bá ti pẹ́ ní Dublin bíi tèmi kì í ka ìyẹn sí mọ́. Òtútù nǹkan yọ̀ọ̀lọ̀ kan ni, tó dà bí ògì tó ti di, tí nọ́ọ̀sì kan fi pa mí lọ́rùn ní ọsibítù kó tó máa yí ẹ̀rọ kékeré kan lórí rẹ̀. Ó ń yí i lọ, ó ń yí i bọ̀, ó ń wo inú ọ̀fun mi lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa òjò. Nígbà tó yá, kò sọ̀rọ̀ òjò mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Orin ni mo fi ń mọ ara mi nígbà náà. Oyún oṣù méje ló wà nínú mi nígbà tí mo dé Ireland láti wá ibi ìsádi, wọ́n sì fi èmi àti obìnrin méjì mìíràn sínú yàrá kan ṣoṣo. Báàgì kan péré ni mo gbé wá láti ilé, àmọ́ ohùn mi bá mi wá. Nígbà tí mo rí ìwé ìgbélùú gbà, tí mo ríṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí èmi àti ọmọbìnrin mi kó lọ sí Hartstown, ohùn náà ti gbé mi dé iwájú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tyrrelstown. Kí n má purọ́, mo gbéra ga. Bí wọ́n bá fún ẹlòmíràn ní orin àdákọ lọ́jọ́ Sunday, orí á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi láti àárọ̀. Mo gbà pé ẹni tó bá gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ gbọ́ ẹlòmíràn mọ́.

Orin yìí náà ló mú mi bá ẹni tó wá di olùdarí eré wa pàdé. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú. Lọ́jọ́ kan tí mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń kọrin, olùdarí yìí dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Obìnrin Irish ni, olùkọ́ orin tó ti fẹ̀yìn tì, tó kó àwọn èèyàn díẹ̀ jọ tí wọ́n ń ṣe eré orin tí àwọn òyìnbó ń pè ní ópẹ́rà nínú gbọ̀ngàn àdúgbò kan. Ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ orin. Mo ní nínú ilé ìdáná ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ní ipa kan tí òun ti ń wá ẹni tó máa ṣe é láti ọdún tó kọjá.

Eré apanilẹ́rìn-ín ni, láti ilẹ̀ Ítálì, kúkúrú, tí ẹni tó bá jókòó kò ní dìde títí á fi parí. Olùdarí fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Ó ní láyé àtijọ́, bí àwọn ọlọ́lá bá ń wo eré ńlá tí ọba àti ayaba ti ń gún ara wọn lọ́bẹ, wọ́n máa ń ki irú eré kékeré báyìí bọ àárín rẹ̀ kí àwọn èèyàn lè mí. Kò sẹ́ni tó rántí eré ńlá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ tiwa mọ́. Ti kékeré yìí ló ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n hó lé e lórí. Ìwé orin rẹ̀ sọnù, wọ́n tún rí i nínú àpótí, àwọn òṣèré arìnrìn-àjò sì gbé e dé Dublin nígbà tí wọn ò tíì bí ìyá ìyá olùdarí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún ṣe é níbí.

Ẹni mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Bàbá apoògùn kan wà tó kórìíra ariwo. Opó kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí háyà òkè ilé rẹ̀, ó sì ń kọrin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìránṣẹ́ kan tó yadi ló ń gbé iṣẹ́ láàárín wọn. Bí bàbá bá ní kó lọ lé opó jáde, ìránṣẹ́ á gòkè, á fọwọ́ ṣàlàyé pé bàbá ní ìfẹ́ opó ń pa òun. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe di ìgbéyàwó nìyẹn. Èmi ni opó. Mi ò ka ìránṣẹ́ sí rárá. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Citywest ló ń ṣe é, mo sì máa ń rò ó pé kí ni wọ́n tún ń pe èèyàn sínú eré orin fún tí kò ní kọrin.

Ẹnu yà wọ́n bí mo ṣe ń sọ èdè Ítálì. Kò ṣòro fún àwa Yorùbá. Fáwẹ̀lì ló ń parí ọ̀rọ̀ wọn bíi tiwa. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń fi orin opó náà fọ abọ́, tí mo fi ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, á pariwo láti inú pé, “Mam, please!”

Nínú oṣù karùn-ún ni mo rí kókó kan lọ́rùn mi nínú dígí. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan níbẹ̀, wọ́n ní ó jọ jẹjẹrẹ. Wọ́n ní àwọn ní láti tètè gé e kúrò. Dókítà náà jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó ya àwòrán ọ̀fun fún mi sórí ìwé, ó fi bírò tọ́ka sí iṣan tín-ínrín kan tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ní iṣan yìí ló ń mú ohùn ṣiṣẹ́, àwọn á sì ṣọ́ra fún un. Mo bi í bóyá a lè dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní kí ló wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Ojú tì mí láti sọ pé eré ni. Mo ní mo fẹ́ rò ó.

Mi ò sọ fún ọmọ mi. Mi ò sọ fún olùdarí. Ìyá ìjọ wa nìkan ni mo sọ fún, ó di orí mi mú, ó ní, “Sístà mi, kì í ṣe ìpín yín. Ẹ padà lọ bá dókítà, àdúrà á máa lọ.” Mo gba àdúrà, mi ò padà lọ bá dókítà. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n fóònù mi láti ọsibítù, lẹ́ẹ̀mejì ni mo sọ pé ara mi kò yá débi tí mo lè wá. Mo ra síkáàfù mẹ́ta, mo ń wé e mọ́rùn nínú ilé àti lóde. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ kì í ṣe ikú ló ń bà mí lẹ́rù jù, kí ohùn mi má sọnù ni. Òmùgọ̀ ni mí nígbà yẹn, òmùgọ̀ tó lóhùn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a ṣeré náà nígbà tí mo gbé ohùn sókè sí òpin orin opó, tí èémí kò sì jáde. Kò wọlé, kò jáde. Mo rí olùdarí tó gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ni mo bá ara mi. Ọmọ mi bá mi ní ọsibítù pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, ẹnu àwọn dókítà ló sì ti gbọ́ pé ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti mọ̀.

“You knew?” ni ó wí. “You knew, Mam, and you were singing?”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e lé kókó náà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, wọ́n sì gé gbogbo rẹ̀ kúrò, àmọ́ ó ti so mọ́ iṣan yẹn. Nígbà tí mo jí, tí mo ní kí wọ́n fún mi lómi, ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí èèyàn ń fa ìwé ya nínú yàrá mìíràn. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀.

Gbogbo èèyàn ní kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ títí ó fi sú mi. Mi ò lè pe ọmọ mi láti ìsàlẹ̀ ilé. Ìdí ṣíbí ni mo fi ń lu ọwọ́ àtẹ̀gùn. Níbi iṣẹ́, àwọn arúgbó tí etí wọn ti di kò gbọ́ mi mọ́, ọ̀kan nínú wọn a sì máa sunkún, ó rò pé mò ń bá òun yan odì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fún ọmọbìnrin kan ní ipò mi, mo sì jókòó sẹ́yìn, mo ń gbọ́ ọ. Mo bi Ọlọ́run pé kí ló fẹ́ fi ohùn mi ṣe. Láwọn ọjọ́ kan mo máa ń lọ jókòó sínú bálùwẹ̀, mo ń gbìyànjú nóòtì kan ṣoṣo, èyí tó rọrùn jù, èyí tí ọmọ ọwọ́ lè kọ. Mo ń jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n nà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni olùdarí wá sí Hartstown. Wọ́n ti sún eré náà síwájú, wọ́n ti rí opó mìíràn, ọmọ Irish kan tó ń kọ́ orin ní yunifásítì. Ó mu tíì rẹ̀ tán kó tó sọ ohun tó bá wá. Ó ní ọkùnrin Citywest ti kó lọ sí Cork.

“Mo fẹ́ kí o ṣe ìránṣẹ́,” ó wí.

Mo wò ó. Mo rò pé ó wá fi mí ṣẹlẹ́yà nínú ilé mi. Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó jáde, kò jáde lẹ́nu mi, mo bá fi ọwọ́ tọ́ka sí ìta, mo fi ojú sọ ìyókù. Kò bínú. Ó kàn ń wo ọwọ́ mi. “Kò sẹ́ni tí mo mọ̀ tó lè ṣe é báyẹn,” ó ní, ó sì gbé ìwé eré náà sórí tábìlì kó tó lọ.

Ọmọ mi ló mú ìwé náà. Ó kà á tán lórí àtẹ̀gùn. Ní ọjọ́ yẹn, ó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá rẹ̀ tó wọ́: “Mọ́mì, ẹ lọ. Ilé yìí ti dákẹ́ jù.” Mo lọ nítorí bí ó ṣe sọ ọ́.

Lọ́jọ́ eré, ìyá ìjọ àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa mẹ́fà jókòó ní ìlà kejì. Wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó bí ẹni tó wá síbi ìsìn. Mo wọ ẹ̀wù ìránṣẹ́, mo gbé àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n to ife tíì sí dání. Nígbà tí apoògùn pàṣẹ àkọ́kọ́ fún mi, mo gbàgbé ohun tí olùdarí kọ́ mi, mo kàn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, mo yínmú sí i. Mo káwọ́ lérí. Mo yíjú sí àwọn èèyàn, mo na ọwọ́ méjèèjì, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe bí bàbá mi bá ń sọ̀sọkúsọ.

“Yéè! Ẹ wo Sístà!” ni ìyá ìjọ ké. Àwọn obìnrin wa bú sẹ́rìn-ín, àwọn òyìnbó yíjú wò wọ́n, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó sì gba gbogbo gbọ̀ngàn.

Lẹ́yìn náà, ó kan orin opó. Nínú eré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìránṣẹ́ máa ń dúró sí títí á fi kọ ọ́ tán. Ọmọ Irish náà kọ ọ́ dáadáa. Kí n sọ òótọ́, ó kọ ọ́ dáadáa jù mí lọ. Mo mọ gbogbo ibi tó ti máa mí. Ọ̀fun mi ń gbéra ṣáájú rẹ̀, ó ń bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibi tí èémí mi ti tán lọ́jọ́sí, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, àwọn ife orí àwo náà ń kan ara wọn, mi ò sì lè dá wọn dúró. Àwọn èèyàn rò pé ara eré ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú wọn. Omijé ń bọ́ lójú tèmi náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀, àfi ọmọ náà tó ń kọrin. Láì dá orin dúró, ó fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ kan àwo náà mú.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ọmọ mi sáré wá bá mi lẹ́yìn aṣọ ìkélé. “Mam, you were gas,” ni ó wí, bí àwọn ọmọ Dublin ṣe ń sọ pé èèyàn pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó bọ́ ẹ̀wù ìránṣẹ́ lọ́rùn mi, ó sì tẹ̀ mí mọ́ra.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Wọ́n ṣì ń yẹ ọ̀fun mi wò lọ́dọọdún, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a tún ti ṣe eré náà, ìránṣẹ́ sì ni mo ń ṣe. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń sọ pé Ọlọ́run gba ọ̀kan, ó fún mi ní òmíràn. Mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ èmi fẹ́ràn èyí àkọ́kọ́, bí wọ́n bá sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà mi lọ́la, mi ò ní bi wọ́n léèrè ohunkóhun kí n tó gbà á. Ohùn mi ti padà dé ààbọ̀. Bí mo bá wà lẹ́yìnkùlé ní èmi nìkan, tí mò ń sá aṣọ, mo máa ń gbìyànjú orin opó náà jẹ́jẹ́. Ó máa ń gòkè dé ibì kan, á dúró. Mo ti mọ ibi tó ń dúró sí báyìí. Èmi náà á dúró níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ díẹ̀, kí n tó mú aṣọ tó kàn.