Ìbọn Orvella Sun Inú Fìríísà

Ẹ má bi mí pé kí ni adìẹ rọ́bà ń wá níbi tí àgbà ti ń yìnbọn. Nínú ẹgbẹ́ ayìnbọn tiwa lórí òkè Kentucky níbí, ẹni tí ìbọn ẹ̀ bá kọ́kọ́ há lọ́jọ́ ìdíje ló máa dé fìlà tí adìẹ rọ́bà jókòó lé lórí, á sì máa bu ẹ̀wà fún gbogbo èèyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀léra ni Orvella Messer ti dé e. Obìnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa bọ́ọ̀sì iléèwé, tí bọ́ọ̀sì bá wúkọ́ lásán ó ti mọ ibi tó ń dùn ún!

"Tí mo bá tún dé e lọ́jọ́ Sátidé," ló sọ fún Coy ọkọ ẹ̀, "màá gbé ìbọn yẹn kọ́ ògiri. Ó parí."

Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi to ìbọn ọ̀hún. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, á yìn, á tu èèpo ọta dànù, á gbé ọta míì sẹ́nu fúnra ẹ̀. Irin kan wà ní ìdí ẹ̀ tí sípíríǹgì ń tì, tó ń sáré lọ sáré bọ̀. Denzil, àbúrò Coy, tó máa ń fi imú sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀fìnkìn ló bí i, ló fún un ní irin tó wúwo láti fi rọ́pò ẹ̀.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, hùn-ùn, ẹ fi eléyìí sí i. Á rọ̀ léjìká yín bí ìrọ̀rí. Hùn-ùn."

Ó rọ̀ lóòótọ́. Lọ́sàn-án, ìbọn ń ṣe dáadáa. Ọjọ́ ìdíje ló máa ń há: kẹ́k!

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Orvella ń bó ọ̀dùnkún, ló bá ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Coy! Ọ̀sán ni mo máa ń dán an wò. Àárọ̀, nínú ìrì dídì, ló máa ń há. Òtútù ń mú gíríìsì ki, irin yẹn sì ti wúwo jù!"

Ó yọ gbogbo ọta kúrò, ó tẹ́ ìbọn sínú fìríísà, láàárín ẹran àgbọ̀nrín àti ilá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Coy pariwo: "Orvella! Ìbọn wà lórí áísìkiriìmù mi!"

"Má fọwọ́ kàn án, kò tíì tutù tó."

"Ṣé a máa sè é ni?"

Orvella ya ojú aago sórí bẹ́díṣíìtì àtijọ́, ó tẹ́ ẹ sí pápá, ó dúró sí àárín, ó kọjú sí aago méjìlá: ibi tí èèpo ọta bá bọ́ sí ló máa sọ bóyá ìbọn ń lọ́ra tàbí ó ń kánjú. Ó yin ìbọn tútù náà. Èèpo ọta bọ́ sórí aago márùn-ún, lẹ́yìn ẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ọ̀lẹ tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó tú irin náà, ó fi irin fúyẹ́ rọ́pò méjì nínú irin wúwo kéékèèké mẹ́ta tó wà nínú ẹ̀. Fìríísà lẹ́ẹ̀kan sí i. Èèpo èyí tó yìn lọ́jọ́ kejì fò dé aago kan, ìbọn sì gbá a léjìká.

"Ìyẹn dáa, àbí?" Coy ní. "Ó yára!"

"Ó ń kánjú ni. Ọmọ tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ló ń ṣubú."

Ó dá ọ̀kan tó wúwo padà. Fìríísà. Pá! Aago mẹ́rin. Pá! Mẹ́rin, ibi tó yẹ gan-an. Ó wá ki ọta kan ṣoṣo sí i, ó yìn ín, ibi tí ìbọn fi ń gba ọta sì yà sílẹ̀ gbàgà bó ṣe yẹ, bí ẹni ń béèrè pé, "Ó ti tán?" Orvella jó yí bẹ́díṣíìtì ká. Màlúù aládùúgbò dẹ́kun jíjẹ, ó ń wò ó.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìrì dídì funfun bí iyọ̀. Orvella yin ọgbọ̀n ọta. Kò há.

Ó kan Denzil. Ọta ìkọkànlá: kẹ́k!

Ẹ̀rín bú! Orvella fúnra ẹ̀ ló dé adìẹ lé e lórí. Ó ki irin wúwo tó yọ kúrò nínú ìbọn ẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Àbúrò ọkọ mi, hùn-ùn, gba ìrọ̀rí rẹ. Àwo mi rèé. Bu ẹ̀wà sí i, kó kún. Hùn-ùn."