Àárọ̀ Tí Ìyá Àdínnì Pa Oògùn Tì

Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò ní Kaduna, ṣùgbọ́n àárọ̀ Sátidé kan ní àdúgbò Doka ṣì máa ń já mi láyà.

Iṣẹ́ wa ni ká gbé àwọn èèyàn lé ìwọ̀n, ká wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ká sì bá wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti eré ìdárayá. Àwọn obìnrin ò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní bí àwọn bá rù, aráyé á ní ọkọ àwọn ò tọ́jú àwọn. Ìyá Àdínnì, olórí àwọn obìnrin asalátù wa, ló bá mi kó wọn jáde fún ìrìn àárọ̀ tí à ń rìn ní Sátidé. Aláṣọ ni, ó sanra dáadáa, ó sì fẹ́ràn ìrìn àárọ̀ náà ju gbogbo wa lọ.

Kí a tó gbéra lọ́jọ́ yẹn, mo wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó ga débi pé mo tún un wò.

"Mà, ṣé ẹ lo oògùn yín?"

"Oògùn kẹ̀? Mo ti pa á tì. Ṣebí mò ń rìn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má rìn lónìí. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù."

"Lójú gbogbo àwọn wọ̀nyí? Haba, nọ́ọ̀sì!"

Ó ṣíwájú, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Mo sáré lọ dí i lọ́nà. Bàbá Hausa kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí i pé, "Hajiya, ina kwana?" Ìyá Àdínnì fẹ́ dáhùn, ahọ́n rẹ̀ lọ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Rọpárọsẹ̀! A gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan, mo ń bẹ awakọ̀ pé kó yára, "Yi sauri, don Allah!" Bí ó ṣe ń sáré tó, lójú mi ńṣe ló ń rá pálá.

Ní ọsibítù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ìrìn yìí kọ́ ló fà á?" Dókítà ṣàlàyé fún un pé oògùn tó pa tì ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tàn ká Doka. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi nìkan ló yọjú. Àyà mi ń já pé wọ́n á fi ìrìn sílẹ̀, wọ́n á sì sá fún ọsibítù pẹ̀lú.

Nígbà tí mo lọ wo Ìyá Àdínnì, ó di aṣọ mi mú. Ẹnu rẹ̀ gbọ̀n títí kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

"Àwọn... obìnrin... dà?"

"Wọ́n wà nílé, mà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n."

Ó fajú ro. "Pè wọ́n... wá. Kí wọ́n... mú oògùn... dání."

Wọ́n wá. Ó ní kí ẹni tí dókítà ti fún lóògùn fi tirẹ̀ han òun, kí ẹni tí kò mú un dání sì padà sílé lọ mú un. Ni àwọn kan bá dìde lójú mi, wọ́n padà sílé lọ mú oògùn wọn.