Ẹ̀rí Tí Imú Jẹ́

Obìnrin náà mọ òórùn aṣọ bí ìyá ṣe mọ igbe ọmọ rẹ̀. Ní ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gba ẹrù àwọn oníbàárà lórí káńtà, òun ló ń tú àpò wò, òun náà ló ń gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan súnmọ́ imú kó tó yà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tí òógùn ti gbẹ sí, èyí tí epo mọ́tò ta sí, èyí tí ọmọ bì sí. Bí kóòtù ọkùnrin bá ń ta sánsán lọ́fíńdà tí kì í ṣe ti ìyàwó rẹ̀, ó mọ̀, kò sì ní sọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn káńtà, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Aláyọ́ọ̀nù, ló sọ ọ́ ní Imú Ajá. Kò bínú sí orúkọ náà. Ó ní bí Ọlọ́run bá fún ni ní imú, kó má ṣe fìyà jẹ ni nítorí pé a gbóòórùn.

Imú yìí ló sọ fún un pé ọkọ òun ti fi sìgá sílẹ̀.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìbejì. Kó tó fẹ́ ẹ ló ti ń fa sìgá, ikọ́ rẹ̀ sì ti di ohun tí àwọn ará ilé fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Obìnrin náà gbààwẹ̀ títí, ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó bínú títí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó ń bá aṣọ fífọ̀ lọ. Àfi lọ́jọ́ kan tó gbé ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ọkùnrin náà simú, tí kò gbọ́ nǹkan kan ju òórùn pákó àti gọ́ọ̀mù lọ. Ó gbé òmíràn. Bákan náà ni. Ó ní kí òun má yára, ó jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yí po. Kò sí tábà lára aṣọ, ikọ́ òwúrọ̀ pàápàá ti rọlẹ̀. Kò bi ọkọ rẹ̀ léèrè, ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá fọwọ́ kan nǹkan náà, á fọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti gba ọkọ òun lọ́wọ́ tábà. Ìjọ hó yèè. Pásítọ̀ fi áńkáṣíìfù nu ojú, wọ́n ní kó mú ọkọ rẹ̀ wá ní Ìsinmi tó máa parí oṣù, kí tọkọtaya jọ tún un sọ, kí àwọn ọkùnrin tó kù lè gbọ́.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Èyí tó já bọ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí kò tíì kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sílẹ̀.

Nílé, kó tó da ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ sínú omi, ó tú àpò rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì ba nǹkan kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó ń dán, tó ní ẹnu pẹlẹbẹ lókè. Ohun ìkunètè obìnrin ló kọ́kọ́ pè é. Ó gbé e simú, ó ta sánsán bíi súwíìtì mẹ́ńtì, èyí kò sì tù ú nínú. Ó dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ó fi han Aláyọ́ọ̀nù. Aláyọ́ọ̀nù gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ kó má baà jó o, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Féèpù nìyẹn, sìgá oníbátìrì. Àlòsọnù ni. Bó bá tán, wọn á jù ú nù, wọn á ra òmíràn."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Nikotíìnì. Nǹkan tó wà nínú sìgá tí kì í jẹ́ kéèyàn lè fi í sílẹ̀. Èéfín ni wọ́n yọ kúrò, tí wọ́n fi ooru olóòórùn dídùn rọ́pò." Nígbà tó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dẹ́kun ẹ̀rín. "Imú Ajá, ajá náà máa ń gbó òjìji nígbà mìíràn."

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, bó ti wù ká bò ó tó, yóò rú jáde. Obìnrin náà fi gbogbo ọ̀nà ilé rò ó pé àwọn àgbà ò tíì rí irú èéfín yìí nígbà tí wọ́n ń pòwe.

Kò pariwo lé ọkọ rẹ̀ lórí. Nígbà tí ọkùnrin náà jẹun tán, ó kàn gbé féèpù náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò sẹ́. Ó mú un lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń sọ ti ayùn tuntun, ire àti ibi. Ó ní ó fúyẹ́, kò ní eérú, èèyàn kì í rọ nǹkan sínú rẹ̀. Ó ní bó ṣe ń gbá èèyàn lọ́fun sún mọ́ ti sìgá, ìdí nìyẹn tí òun fi lè fi sìgá sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á kì í tà á fún ọmọdé, àgbàlagbà tó ti ń fa tábà tẹ́lẹ̀ ló wà fún. Pẹ̀lú eruku pákó àti fánííṣì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣáná nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn. Tẹ́lẹ̀, òun ní láti gbé ìfági kalẹ̀, kí òun lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà nínú òjò, nínú oòrùn. Ní báyìí, òun ò kúrò nídìí iṣẹ́ mọ́. Ó wá sọ àbùkù rẹ̀: kì í pẹ́ tó bí páálí rẹ̀ ṣe wí, iná ìdí rẹ̀ á máa ṣẹ́jú nígbà tí omi tó ń di ooru ṣì wà nínú rẹ̀, bó bá sì ku díẹ̀ kó tán, adùn rẹ̀ á di kíkorò bíi nǹkan tó jóná. Òun ò sì mọ ibi tó yẹ kéèyàn ju òkú rẹ̀ sí, nítorí bátìrì inú rẹ̀.

"Ikọ́ mi ńkọ́?" ni ó fi parí rẹ̀. "Ṣé o ṣì ń gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ ọ mọ́, Bàbá Ìbejì." Obìnrin náà gbé ojú sílẹ̀. "Mo ti jẹ́rìí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní Ọlọ́run ti gbà yín sílẹ̀."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ta ló rán ọ?"

Obìnrin náà kó àwo kúrò lórí tábìlì.

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ rẹ̀: a kì í da ọṣẹ sí àbàwọ́n tí a kò tíì mọ ohun tó fà á. Ó ní òun á fi ojú yẹn wo nǹkan yìí, láìfi ti ìbínú ṣe. Ó sì rí i pé òótọ́ ni ọkọ òun sọ. Ọkùnrin náà ń gun àtẹ̀gùn ilé láìdúró mí ní agbede méjì. Kò sí ihò iná lára ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé sìgá àti féèpù nìkan ló wà láyé, tí wọ́n sì ní kóun mú ọ̀kan fún un, òun mọ èyí tí òun á mú.

Ṣùgbọ́n ó tún rí èyí tí ọkọ rẹ̀ kò sọ. Sìgá ní ẹnu ọ̀nà: èèyàn á dìde, á jáde lọ fà á. Sìgá ní ìdí: bó bá jó débẹ̀, á parí, wọn á tẹ̀ ẹ́ pa. Èyí kò ní ẹnu ọ̀nà, kò ní ìdí. Ọkùnrin náà ń fà á kó tó kí i káàárọ̀, ó ń fà á ní balùwẹ̀, ó ń fà á láàárín òkèlè méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó pa oúnjẹ gbígbóná tì, ó jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ nítorí bàtà tí òun fúnra rẹ̀ gbé sọnù, ó sì jáde lọ ra òmíràn pẹ̀lú sálúbàtà ilé. Kì í jágbe mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó bẹ̀ ẹ́, ojú sì ń tì í.

Lọ́jọ́ náà, obìnrin yìí kúnlẹ̀, kò mọ ohun tí òun yóò sọ. Ṣé Ọlọ́run ló dá òun lóhùn, àbí oníṣòwò kan ló dá òun lóhùn? Bó bá jẹ́ Ọlọ́run, kí ló dé tó fi ṣe é láàbọ̀? Ó fetí sílẹ̀. Omi ẹ̀rọ tó ń kán ní kíṣìnì ló gbọ́. Ó ṣe àmín bákan náà, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà parí àdúrà.

Ó lọ bá pásítọ̀, ó rò fún wọn láìbo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Pásítọ̀ ní ṣebí sìgá ni obìnrin náà jẹ́rìí pé ọkọ òun fi sílẹ̀, ṣé ó sì fi í sílẹ̀ àbí kò fi í sílẹ̀? Ó ní ó fi í sílẹ̀. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí yín dúró, Ìyá Ìbejì. Ẹ má mú ọkàn ìjọ rẹ̀wẹ̀sì." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dára létí, àmọ́ kò wọ̀ ọ́ lára. Ó mọ irú aṣọ tí wọ́n ń kó síta pé ó mọ́, tó jẹ́ pé àbàwọ́n ẹ̀ ti yọ níwájú, tó kù lẹ́yìn.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ọkọ rẹ̀ gbà láti tẹ̀ lé e. "Mò ń bọ̀," ló wí, "ṣùgbọ́n mi ò ní sọ̀rọ̀." Obìnrin náà lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ títí ó fi le gan-an. Níbi tí wọ́n jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó na ọwọ́ láti tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì kan nǹkan náà nínú àpò àyà. Ó mú ọwọ́ kúrò. Pásítọ̀ pè wọ́n.

Òun nìkan ló dìde.

"Ẹ̀yin ará, ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́jọ́sí, imú mi ló jẹ́ ẹ. Mi ò bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ọkọ mi ti fi sìgá sílẹ̀ lóòótọ́, òun ló fi í sílẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ohun tó wà nínú sìgá kò tíì fi òun sílẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà níbi tó ti kọjá ara rẹ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà fún ìyókù."

Ìyá arúgbó kan níwájú ṣe àmín kan tí kò ga. Pásítọ̀ yára dá orin. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀ láàárín bàtà rẹ̀ méjèèjì.

Wọ́n délé. Obìnrin náà gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó ń dúró de ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà jókòó, ó mú féèpù náà jáde, ó gbé e súnmọ́ ẹnu. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó dìde, ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Láti ojú fèrèsé ló ti rí i tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ilé, ibi tó máa ń dúró sí láyé sìgá, tí ooru funfun ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, tí ó ń ká kúrò kó tó kan ògiri.

Bóyá ìbínú ló gbé e lọ síbẹ̀, bóyá nǹkan mìíràn ni, kò mọ̀. Ó la ẹnu láti dúpẹ́, ó rántí ohun tí ọpẹ́ tí òun yára dá lọ́jọ́sí ti fà, ó sì pa á dé. Ó fi àwo dé oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń fetí sí bó ṣe ń mí.